Òrùka rọ́bà ló ń pa ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ àtijọ́, kì í ṣe ìpáàrà

Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ariwo ẹ́ńjìnì ló máa ń gba ẹ̀yìnkùlé àwọn tó ní ọgbà ẹ̀fọ́. Katakata kékeré ni wọ́n máa ń gùn, èyí tí kò ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ, wọ́n á so ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Bí katakata bá ṣe ń lọ síwájú ni abẹ ìdí rẹ̀ á máa yí, tí yóò máa họ ilẹ̀, tí yóò máa fọ́ ọ wẹ́wẹ́, títí ilẹ̀ tó ti le gbagidi nígbà òtútù á fi rọ̀ fún tòmátò, àgbàdo àti ọ̀dùnkún.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí ni wọ́n rà ní tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti wà láti àwọn ọdún 1960 àti 1970. Bàbá ló rà á, ọmọ jogún rẹ̀, nígbà tó yá, wọ́n gbé e sẹ́yìn gáréèjì, òjò ń pa á, yìnyín ń bọ́ lé e lórí, koríko ń hù láàárín abẹ rẹ̀. Bí bàbá bá kú, wọ́n á tà á ní gbàǹjo pẹ̀lú àwọn ẹrù òkú yòókù, ní iye tí kò tó nǹkan. Ẹni tó bá rà á ló máa gbé e lọ sílé pẹ̀lú ìpinnu pé òun á jí i dìde.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú. Ohun tí onítọ̀hún kọ́kọ́ rí ni ìpáàrà, ohun tó sì kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ọ̀dà. Á ha ìpáàrà dànù, á kun ẹ̀rọ náà ní ọ̀dà tuntun, á máa dán bí ẹni pé àná ni wọ́n gbé e jáde ní ilé iṣẹ́. Kò ju wákàtí díẹ̀ lọ tó bá wọ oko, ariwo á bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó tó mọ̀, bíárìn ti fọ́ tàbí ṣéènì ti já. Ẹ̀wù tuntun ló wọ̀ fún aláìsàn, kò wo àìsàn rẹ̀. Ìpáàrà tó wà lára irin tó nípọn kò lè pa ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ láàárín ogójì ọdún. Ohun tó ń pa á ni òrùka rọ́bà kan tí kò fẹ̀ tó ẹnu ife tíì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ọ́ìlì síìlì.

ỌMỌ ÀGBẸ̀ Ọ̀SÍRÉLÍÀ LÓ BẸ̀RẸ̀ RẸ̀

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí òrùka yìí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí ẹ̀rọ náà ti wá. Ọmọ àgbẹ̀ kan ní Ọ̀sírélíà, Arthur Clifford Howard, ló bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lórí rẹ̀ ní ọdún 1912 ní Gilgandra, ní ìpínlẹ̀ New South Wales, lórí oko bàbá rẹ̀. Agbára ẹ́ńjìnì katakata bàbá rẹ̀, tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, ló fi yí abẹ. Ohun tó ṣàkíyèsí ni pé bí abẹ bá ń yí, ilẹ̀ á tú láì kì mọ́lẹ̀ bí ó ṣe máa ń kì nígbà tí wọ́n bá ń wọ́ irin ìtúlẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ tó kọ́kọ́ lò ń da yẹ̀pẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wá tẹ ẹnu abẹ náà, ó di bí lẹ́tà L, wàhálà náà sì tán. Ní 1920, ó gba ìwé àṣẹ pé òun lòun ṣe é. Ní 1922, ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1938, ó dá òmíràn sílẹ̀ ní Essex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ìyẹn ni Rotary Hoes. Títí dòní, abẹ onígun bíi L yìí ṣì ni ẹ ó rí lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtúlẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìlú Troy ní ìpínlẹ̀ New York ni ilé iṣẹ́ Rototiller ti ń ṣe èyí tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé lẹ́yìn. Orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà wá fi ń pe gbogbo ẹ̀rọ ìtúlẹ̀, bí àwọn èèyàn wa ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ní Omo. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni katakata kékeré tí wọ́n ń gùn wá gbòde. Wheel Horse bẹ̀rẹ̀ ní South Bend, ìpínlẹ̀ Indiana, ní 1946. International Harvester gbé Cub Cadet jáde ní 1961, John Deere náà gbé 110 tirẹ̀ jáde ní 1963. Ẹni tó bá ra irú katakata bẹ́ẹ̀ lè ra oríṣiríṣi ohun èlò tí wọ́n ń so mọ́ ọn: èyí tó ń gé koríko, èyí tó ń kó yìnyín, àti èyí tó ń túlẹ̀.

Bí ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹ́ńjìnì katakata ló ń fi bẹ́líìtì yí pọ́ọ̀lì kan lórí rẹ̀. Pọ́ọ̀lì yìí á yí jíà tàbí ṣéènì tó wà nínú àpótí irin kan tí wọ́n dé pa, ìyẹn náà á wá yí ọ̀pá irin tó dábùú nísàlẹ̀. Ara ọ̀pá yìí ni wọ́n de àwọn abẹ mọ́. Ọ́ìlì wà nínú àpótí náà, òun ni kì í jẹ́ kí irin máa jẹ irin. Ṣùgbọ́n ọ̀pá gbọ́dọ̀ yọ jáde nínú àpótí, lọ́tùn-ún àti lósì, kí ó tó lè gbé abẹ. Ibi tó ti yọ jáde yẹn ni òrùka rọ́bà wà. Ọ́ìlì ń bẹ nínú, yẹ̀pẹ̀ ń bẹ níta, òrùka yẹn nìkan ló sì dúró láàárín wọn ní gbogbo ìgbà tí ọ̀pá bá ń yí nínú ilẹ̀.

Ọ̀tá òrùka náà kì í ṣe òkúta, bí èèyàn ṣe lè rò. Okùn ni. Okùn tí wọ́n fi so tòmátò lọ́dún tó kọjá, ìtàkùn, koríko gígùn, wáyà tín-ín-rín, gbogbo rẹ̀ ló máa ń wé mọ́ ọ̀pá bó ṣe ń yí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa rìn wọlé, títí wọ́n á fi há sáàárín abẹ tó kángun sí àpótí àti àpótí fúnra rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti máa rẹ́ rọ́bà náà bí ayùn. Ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ẹni tó ni ẹ̀rọ kò sì ní mọ̀, nítorí yẹ̀pẹ̀ ló ń mu ún. Ọ̀nà tí ọ́ìlì bá jáde náà ni omi àti iyanrìn ń gbà wọlé. Ọ́ìlì tó bá sì ti pò mọ́ iyanrìn, ọlọ ló dà. Á máa lọ bíárìn, á máa lọ eyín jíà, á máa lọ ṣéènì.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á di ọ̀pá abẹ mú, wọ́n á mì ín sókè sódò. Bó bá ń mì, bíárìn ti jẹ nìyẹn. Wọ́n á fọwọ́ yí i jẹ́jẹ́, wọ́n á tẹ́tí sí i. Bó bá ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ gààrí gbẹ, iyanrìn ti wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú bóòtù tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì sílẹ̀, wọ́n á fi ike gbe ohun tó bá jáde. Ọ́ìlì dúdú kò burú, ó kàn ti pẹ́ ni. Èyí tó bá funfun bí ògì, omi ti wọ ọ́. Èyí tó bá ń dán yinrin nínú oòrùn, irin ló ti lọ̀ sínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá ti wà lójú kan fún ọdún púpọ̀, omi lásán lè kọ́kọ́ tú jáde kí ọ́ìlì tó tẹ̀lé e. Bí kò bá sì sí nǹkan kan tó jáde rárá, kí onítọ̀hún yáa múra ìnáwó.

Òtútù ibẹ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀ tí àwọn tó ń gbé nílẹ̀ olóoru kò ní mọ̀. Omi tó bá wà nínú àpótí lè di yìnyín, bó bá sì ti di yìnyín, á wú, á sì sán irin àpótí náà láti inú. Wọ́n á fi iná tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ kúrò. Àpótí tó bá sán, àfi kí wọ́n wá òmíràn tàbí kí wọ́n ta gbogbo rẹ̀ fún àwọn oní-irin àlòkù. Àyẹ̀wò yìí kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ òun lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò dá.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tú u, fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yà, láti ọ̀tún, láti òsì, láti ẹ̀yìn. Ohun tó fà á ni ètò abẹ. Abẹ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì, wọn kì í sì í tò wọ́n sójú ìlà kan. Wọ́n máa ń tò wọ́n yípo ọ̀pá ní ìpele-ìpele, kí abẹ púpọ̀ má bàa kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá tò wọ́n bó ṣe wù ú, katakata rẹ̀ á máa fò bí ẹṣin tí agbọ́n ta. Èyí tó tún burú jù ni kí wọ́n de abẹ lódì, kó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ tó kú ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀ dípò ojú rẹ̀ tó mú. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á kàn máa jó lórí ilẹ̀ ni, kò ní wọlé.

Bóòtù tó ti wà nínú yẹ̀pẹ̀ fún ogójì ọdún kì í gbọ́ràn sí sípánà lẹ́nu. Wọ́n á fín ọ́ìlì tó máa ń wọ ojú ìdè irin sí i, wọ́n á fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á tún fín in. Wọ́n á fi òòlù kan án lórí díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tó tú u, wọ́n á kọ́kọ́ gbìyànjú láti dè é sí i díẹ̀, nítorí bí bóòtù bá lè sún bíńtín sí ọ̀nà èyíkéyìí, ìpáàrà tó dì í mú á fọ́. Ẹni tó bá kánjú, tó lọ ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, orí bóòtù ló máa já sí i lọ́wọ́, iṣẹ́ wákàtí kan á sì di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

NỌ́ŃBÀ ARA BÍÁRÌN

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn jù nìyí, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ̀rètí nù. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà lè má sí mọ́. Toro ra Wheel Horse ní 1986, nígbà tó sì di 2007, wọ́n pa orúkọ Wheel Horse tì. International Harvester ta Cub Cadet fún MTD ní 1981, ní 2021, MTD náà bọ́ sọ́wọ́ Stanley Black & Decker pátápátá. Bí ohun ìní bá ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn báyìí, ìwé ìtọ́nà a máa sọnù, wọn a sì dẹ́kun títa ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe katakata kì í sábà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bíárìn. Ó máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe bíárìn ni, àwọn yẹn sì ní nọ́ńbà tí gbogbo ayé jọ ń lò. Ẹ jẹ́ ká mú 6205. Ẹ fi márùn-ún sọ 05 tó gbẹ̀yìn rẹ̀ di púpọ̀, ó di 25. Ìyẹn ni pé ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mílímítà 25. Láti etí dé etí, ó jẹ́ 52, ó sì nípọn tó 15. Bó bá jẹ́ 6204, ihò rẹ̀ á jẹ́ 20, ti 6206 á jẹ́ 30. Ìṣirò yìí kò kan èyí tó bá kéré sí 04, torí 17 ni ti 6203. Bí wọ́n bá kọ 2RS tẹ̀lé e, rọ́bà wà lójú rẹ̀ méjèèjì. Ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan ní Ohio, ì báà jẹ́ ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin, 6205 ni 6205. Ẹni tó bá ń tún ọ̀kadà tàbí jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Èkó kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ yìí, nọ́ńbà yìí kan náà lòun náà ń kà fún oníṣọ́ọ̀bù.

Nítorí náà, kí wọ́n tó ju bíárìn tó bàjẹ́ dànù, wọ́n á fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, wọ́n á ka ohun tí wọ́n kọ sí i létí. Bí ìkọ̀wé rẹ̀ bá ti pa rẹ́, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé ínṣì ni wọ́n fi wọn bíárìn wọn, ìdí nìyí tí wíwọ̀n fi dára kí owó tó jáde lápò.

Òrùka rọ́bà náà ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 25, 40 àti 7 sí i lára, 25 ni ihò inú rẹ̀, 40 ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níta, 7 ni nínípọn rẹ̀. Dọ́là díẹ̀ ni wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n ríra rẹ̀ nìkan kọ́, ọ̀pá tó máa jókòó lé ni kí wọ́n wò. Níbi tí rọ́bà àti iyanrìn ti jọ ń họ ọ̀pá fún ọdún pípẹ́, ojú ilà á ti wà níbẹ̀. Wọ́n á fi èékánná wọ́ ọ kọjá. Bí èékánná bá kọ́ ilà yẹn, òrùka tuntun lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi sí i gan-an. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á sún òrùka náà síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀ bí àyè bá wà, kí ẹnu rẹ̀ lè bọ́ sójú ibi tó ń dán. Bí kò bá sí àyè, wọ́n máa ń ta irin pẹlẹbẹ kan tó rí bí òrùka fífẹ̀, tó fẹ́lẹ́, èyí tí wọ́n á tì bọ ojú ọ̀pá náà kí ó lè bo ilà mọ́lẹ̀.

Fífi òrùka náà sí i gba sùúrù. Ojú rẹ̀ tí sípíríìnì kékeré wà ló gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ́ìlì nínú. Wọ́n á fi gírísì pa ẹnu rẹ̀, wọ́n á fi téèpù bo etí ọ̀pá tó mú kí ó má bàa gé e. Wọn kì í fi òòlù lù ú ní tààrà. Páìpù tó ṣe déédéé pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á fi tì í wọlé, kí ó lè lọ ní ọgbọọgba. Bó bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan báyìí, asán ni gbogbo làálàá.

Àwọn kan wà tí wọn kì í fẹ́ ṣe wàhálà yìí rárá. Wọ́n á lọ ra gírísì kan tí wọ́n ṣe fún jíà ẹ̀rọ ìkórè àgbàdo, èyí tó máa ń ṣàn nígbà tí jíà bá ń yí, tó sì máa ń ki padà bó bá dúró. Wọ́n á rọ ọ́ kún àpótí dípò ọ́ìlì, jíjò náà á sì dín kù. Ọgbọ́n tó dáa ni fún ẹni tó fẹ́ rí oko rẹ̀ ro lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n iyanrìn tó ń wọlé ṣì ń wọlé.

Ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí èèyàn lè rà fúnra rẹ̀, tó lè tú, tó sì lè dè padà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Amẹ́ríkà lásìkò yìí. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń pariwo tipẹ́ pé kọ̀ǹpútà inú katakata ńlá òde òní kò jẹ́ kí àwọn lè tún ohun tí àwọn fowó ara àwọn rà ṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, John Deere àti ẹgbẹ́ American Farm Bureau Federation tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún yẹn kan náà, ìpínlẹ̀ Colorado ṣe òfin tó fún àgbẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti tún ẹ̀rọ oko rẹ̀ ṣe, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024. Ní oṣù kìíní 2025, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò, FTC, gbé John Deere lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn yìí. Ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1965 kò sí nínú ẹjọ́ náà. Sípánà, òòlù àti sùúrù ló ń béèrè.

ABẸ KÒ MỌ OLÚWA RẸ̀

Nígbà tí inú rẹ̀ bá ti tò tán ni ọ̀rọ̀ ìpáàrà tó kàn. Ọ̀nà kan tí àwọn tó ń ṣe é nílé fẹ́ràn ni kí wọ́n fi iná bátìrì bọ́ ọ. Wọ́n á da omi sínú ọpọ́n oníke ńlá, wọ́n á po sódà ìfọṣọ mọ́ ọn (kì í ṣe sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ o, ìyẹn ń bó ara). Wọ́n á ri irin tó dógùn-ún sínú rẹ̀, wọ́n á fi wáyà dúdú ṣájà bátìrì kọ́ ọ, wọ́n á fi wáyà pupa kọ́ irin àlòkù mìíràn tí kò gbọ́dọ̀ fara kan ti àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá tan iná, omi á máa hó wúyẹ́wúyẹ́, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ìpáàrà á ti rọ̀, búrọ́ọ̀ṣì lásán á gbá a kúrò. Bíárìn àti òrùka rọ́bà kì í wọ inú omi yìí.

Ohun méjì ló lè sọ ọ́ di ìjàǹbá. Ohun tó ń hó yẹn, afẹ́fẹ́ háídírójìn wà nínú rẹ̀, ó sì lè gbiná, nítorí náà ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, láìsí sìgá, láìsí iná. Èkejì ni pé irin tí kì í dógùn-ún, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí àti ìkòkò, kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu wáyà pupa, torí omi náà á di májèlé. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ iná kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọ̀dà àtijọ́ náà léwu. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin de òjé nínú ọ̀dà ilé, ẹ̀rọ tí wọ́n kùn ṣáájú àkókò yẹn lè ní òjé lára. Ẹni tó bá ń fi sáńpépà gbẹ ha á nínú gáréèjì, òun àti ọmọ rẹ̀ tó ń ṣeré nítòsí ló ń mí eruku òjé símú. Omi ni wọ́n fi ń rin ín, tí wọ́n á tún fi ìbòmú tó dáa bo imú. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná tí wọ́n fi ń yọ́ bóòtù: àpótí tí wọ́n dé pa, tí ọ́ìlì ṣì wà nínú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ rí iná rárá, torí ooru á wú nínú rẹ̀, ó sì lè bú. Àwọn ọ́ìlì ìfọ̀ kan tí wọ́n fi ń fọ búréèkì ọkọ̀ tún ní kilorín-ìnì nínú, bí iná wẹ́dà bá kàn án, èéfín tó ń jáde lára rẹ̀ lè pa èèyàn.

Ewu tó burú jù ni ti abẹ fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú katakata àwọn ọdún 1960 kò ní ohun tó ń pa ẹ́ńjìnì bí ẹni tó ń wà á bá dìde lórí ìjókòó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta kọjá ni ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ ti sọnù. Èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ láti fa koríko tó wé mọ́ ọ̀pá, ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ á bá lọ. Àtúnṣe tí kò bá dá ìdérí padà kò tíì parí, ì báà dán bí dígí. Wọ́n sì máa ń yọ wáyà kúrò lórí púlọ́ọ̀gì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan abẹ, ní gbogbo ìgbà, kódà bó jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n fẹ́ fi wò ó.

Ọ̀dà tuntun ló kẹ́yìn, kò sì gba àlàyé púpọ̀. Èyí tó ń dènà ìpáàrà ni wọ́n máa kọ́kọ́ kùn, kíákíá lẹ́yìn tí irin bá gbẹ, torí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lè dógùn-ún padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ náà ń lò nígbà yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń wá kiri. Kò sí ẹni tó máa kun abẹ dáadáa, ilẹ̀ ló máa fọ ọ̀dà náà kúrò lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Wọ́n á rọ jíà ọ́ìlì, oní-90 lọ́pọ̀ ìgbà, sínú àpótí títí yóò fi yọ lójú ihò tí wọ́n fi ń wọn ọ́n, wọ́n á sì gbé ẹ̀rọ náà sórí páálí funfun mọ́jú. Bí ìkán ọ́ìlì kan ṣoṣo bá wà lórí páálí náà láàárọ̀, wọ́n á tún un tú. Bí páálí bá gbẹ, wọ́n á so ẹ̀rọ mọ́ katakata, wọ́n á gbé abẹ kúrò nílẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó yí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni nítòsí, lẹ́yìn náà wọ́n á pa á, wọ́n á tún gbogbo bóòtù abẹ dè.

Ilẹ̀ tí wọ́n máa fi dán an wò náà ní àsìkò tirẹ̀. Wọ́n á bu yẹ̀pẹ̀ kan, wọ́n á fún un mọ́wọ́ bí ẹ̀bà. Bó bá dì, tó sì fọ́ nígbà tí wọ́n fìka kàn án, ilẹ̀ ti tó tú. Bó bá lẹ̀ mọ́wọ́, kí wọ́n dúró, torí abẹ tó ń yí nínú ilẹ̀ tútù máa ń kì í mọ́lẹ̀ lábẹ́, ohun tí Howard sì ń sá fún ní Gilgandra nìyẹn. Wọn kì í wọ ilẹ̀ jinlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á kọ́kọ́ lọ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, wọ́n á tún padà gba ojú ibẹ̀ kan náà. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á pa ẹ́ńjìnì, wọ́n á yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, wọ́n á mú ọ̀bẹ, wọ́n á sì gé gbogbo okùn àti koríko tó wé mọ́ ọ̀pá kúrò, lọ́tùn-ún àti lósì, kí wọ́n tó gbé e wọlé.